Òṣíbàtà mọ́kànlá kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí ọ̀kan tó tanná

Aránṣọ ni mí ní Àjàṣẹ́ níbí, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. Mi ò kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ata wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé nìkan ni mo ti gbìn rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ń rí òdòdó náà lágbàlá mi, àwọn mìíràn ti ń lọ fa ti inú àbàtà tu, wọ́n ń gbé e wálé, ó sì ń kú. Mo mọ ohun tó ń pa á. Kò sí èyí tí mi ò ṣe níbẹ̀.

Òṣíbàtà ni mò ń wí. Ewé rẹ̀ ni ẹ máa ń rí tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí omi àbàtà, tó rí róbótó bí àwo, tó sì là láti etí kan títí dé ibi tí igi rẹ̀ ti so mọ́ ọn. Tí ẹ bá fọwọ́ ra etí ewé náà, ọwọ́ yín á kan eyín ṣóńṣó ṣóńṣó bíi ti ayùn. Òdòdó rẹ̀ funfun, àárín rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní nénuphar. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko, Nymphaea lotus ni, bí Linnaeus ṣe kọ ọ́ ní ọdún 1753. Ọmọ onílẹ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe bíi jásẹ́ǹtì tó máa ń bo ọ̀sà mọ́lẹ̀, èyí tó jẹ́ pé Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá.

Orúkọ rẹ̀ kò sì ṣàjèjì lẹ́nu wa. Bí àgbàlagbà bá ń wúre fún ọmọ, á ní ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ìwọ náà á lékè. Mo ti ṣe àmín sí àdúrà yìí láti kékeré, àìmọye ìgbà. Mi ò bi ara mi rí pé báwo ló ṣe ń ṣe é tó fi ń lékè.

Ilé ìyá ìyá mi wà ní ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ lọ bá ọ̀sà. Àbàtà ni ẹ̀yìn ilé náà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń já igi òṣíbàtà, a ó máa ṣẹ́ ẹ ní kékeré kékeré láìjẹ́ kí awọ rẹ̀ já, a ó sì fi í kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà, mi ò fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2019, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí, tí ẹ bá ṣì fẹ́ fojú rí ẹ̀yìn ilé Ìyá Àgbà, ẹ wá lónìí o. Típà ti ń da iyanrìn."

Mo débẹ̀, mo sì rí i. Ìdajì àbàtà náà ti funfun. Àwọn ẹbí ti gé e ta ní pásẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ojú ilẹ̀ ìkọ́lé, mẹ́rin. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá mi wà lára àwọn tó tẹ̀ka sí ìwé, kò sì sọ fún mi. Owó náà ni wọ́n fi tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní ọsibítù, mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, inú bí mi sí i fún ìgbà pípẹ́.

Láti ọdún 2000 ni orílẹ̀-èdè wa ti fi ìsàlẹ̀ odò Ouémé, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué sábẹ́ àdéhùn Ramsar, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí láti dáàbò bo ilẹ̀ olómi. Ìwé wà. Ṣùgbọ́n lójú àwa tí a ń gbé ibẹ̀, àbàtà ẹ̀yìnkùlé jẹ́ ilẹ̀ tí kò tíì wúlò, tó ń dúró de iyanrìn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo rí típà náà.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi kan ká aṣọ sókè, a wọ inú ẹrẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tu. Igi ewé òṣíbàtà gùn, ó sì rọ̀, bí ẹ bá fà á, jíjá ló máa já. Iṣu rẹ̀ kò ní bá yín wá, ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀ ló wà. A fà títí ọwọ́ wa fi bó. Nínú bí ogójì tí a fà, mọ́kànlá péré ló jáde pẹ̀lú iṣu àti gbòǹgbò. A kó wọn sínú àpò ìrẹsì láìfi omi kankan sí i, a gun zẹ̀mìjàn, alùpùpù akérò, mo tún yà sí ọjà Ouando láti ra ike. Oòrùn ọ̀sán ni. Nígbà tí a fi délé, àwọn ewé náà ti ká jọ bí ewé tábà. Ìbá ṣe pé mo mọ̀, ǹ bá ti gé gbogbo ewé ńlá kúrò níbẹ̀, kí n fi aṣọ tútù wé iṣu, kí n sì fi ẹrẹ̀ díẹ̀ bò ó.

Mo ra ike dúdú mọ́kànlá. Mo fi ilẹ̀dú tí mo fi ń gbin ẹ̀fọ́ kún wọn dé àárín, mo da ìgbẹ́ adìyẹ lé e, mo ri àwọn iṣu náà wọlẹ̀ jìn bí ẹni ń gbin ẹ̀bù, mo wá bu omi kún un dé etí. Mo rò pé mò ń kẹ́ ẹ ni. Mo fẹ́ kó rí oúnjẹ jẹ dáadáa lẹ́yìn gbogbo ìyà tó jẹ lọ́nà.

Lọ́jọ́ kẹta omi náà dúdú bí omi ẹlùbọ́. Lọ́jọ́ keje ó di àwọ̀ ewé, ó ki bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ó ń hó láti ìsàlẹ̀, ó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da omi náà nù láràárọ̀, mo ń bu tuntun sí i, ìyẹn sì tún ń ru ìgbẹ́ adìyẹ náà sókè. Lọ́jọ́ kejìlá, mo ti ọwọ́ bọ inú ike kan láti wo iṣu rẹ̀. Ó yọ́ láàárín ìka mi bí àkàsà tó ti kan. Méje ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, torí òun ló ń pa ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ilẹ̀dú dára fún ẹ̀fọ́ torí pé afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nísàlẹ̀ omi, afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀. Gbogbo ohun tí kò tíì jẹrà tán nínú ilẹ̀dú àti nínú ìgbẹ́ ni yóò máa jẹrà níbẹ̀ láìsí èémí, iṣu náà yóò sì bá a jẹrà. Ohun tó bá yọ́ sínú omi nínú ajílẹ̀ náà, àwọn ohun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tí a kò lè fojú rí lọ́kọ̀ọ̀kan ni yóò jẹ ẹ́, wọn á pọ̀ bí eṣú, wọn á dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ewé kékeré tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Amọ̀ lásán ni òṣíbàtà ń fẹ́. Amọ̀ tó wúwo, bíi ti àwọn amọ̀kòkò, tí ẹ bá fi ọwọ́ rọ́ ọ tí kò fọ́. Orí iṣu, ibi tí ewé ti ń yọ, kò gbọdọ̀ wọlẹ̀, ẹ jẹ́ kó yọjú síta.

Mẹ́rin tó kù, mo kó wọn sínú táńkì sìmẹ́ǹtì àtijọ́ kan tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ro pé ibòji á tù wọ́n lára. Wọ́n yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́jọ, ewé wẹ́wẹ́ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ ni wọ́n ń yọ, kò sí òdòdó kan ṣoṣo. Níbi tí mo ti rí òṣíbàtà rí láyé mi, kò sí igi lórí rẹ̀. Ìta gbangba ló ń gbé, oòrùn ń pa á láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo mọ èyí, ojú mi ti rí i láti kékeré, àmọ́ mi ò rò ó kan ohun tí mò ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn dé. Omi tó dúró sójú kan, tanwíjí ni yóò kún inú rẹ̀. Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi, wọlé wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò pariwo, ìyẹn ló tilẹ̀ jẹ́ kí ó wọ̀ mí lára. Ó ní, "Ìyá Àyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú táńkì yín. Kẹ́hìndé ti ní ibà lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan." Ojú tì mí débi pé mi ò sùn. Ní òwúrọ̀, mo da epo òyìnbó sójú omi náà bí mo ṣe rí i tí àwọn àgbà ń ṣe sí gọ́tà. Tanwíjí kú. Àmọ́ orí ewé ni ihò tí òṣíbàtà fi ń mí wà, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀ bíi ti ewé orí ilẹ̀. Epo náà dí gbogbo rẹ̀. Méjì ló kú nínú ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ẹja ló yẹ kí n fi sí i. Ẹja kéékèèké, àwọn tí kì í tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ike ńlá kan, tanwíjí kankan kò ní ṣẹ́kù. Mo tún ṣàṣìṣe níbẹ̀ lẹ́yìn náà, mo fi ọmọ ẹ̀pìyà sí i. Láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n ti tó ẹja ọbẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń já gbòǹgbò. Mo kó wọn jáde, a jẹ wọ́n.

Ó wá ku méjì. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọyẹ́ ń fẹ́, kànga wa lọ sílẹ̀. Mo ní kí ọmọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke bá mi pọn omi wá láti inú ọ̀sà. Èrò mi ni pé omi ìlú rẹ̀ ni, inú rẹ̀ á dùn sí i. Oṣù kejì ọdún ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, etí ewé méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ìwé tí iná kàn, ó jó wọnú, ó sì parí. Nígbà tí mo dà á nù tán ni mo ki ìka bọ omi tó kù nínú gàrawa tí mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni.

Ọ̀sà wa kì í ṣe omi kan náà láti January dé December. Láti ìgbà tí òjò òkè ọya bá ti kún odò Ouémé, ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá, omi dídùn ló máa ń ya wọlé tó ń ti omi òkun sẹ́yìn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, agbára odò dínkù, omi iyọ̀ á sì gbà á padà. Jásẹ́ǹtì pàápàá kì í fara da iyọ̀ náà. Àbàtà ẹ̀yìn ilé Ìyá Àgbà, omi òjò àti ìsun ilẹ̀ ló ń mu, ìdí nìyẹn tí òṣíbàtà fi ń gbé ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹ máa tọ́ omi wò kí ẹ tó bù ú sí i. Omi òjò ló dára jù. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ kó sùn mọ́jú.

Mọ́kànlá pé. Mo fọ àwọn ike náà, mo da ojú wọn délẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ó ní ohun tí mò ń gbé kiri láyà tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, torí pé ta ni yóò bá ènìyàn dárò ewéko? Ibi tí mo ti mú wọn kò sí mọ́. Ti pé típà pa àwọn yòókù, mo lè bínú sí típà. Mọ́kànlá wọ̀nyí, èmi ni.

Ní ọdún kejì, mo ra kóró lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ "lotus" sára rẹ̀, 5000 sẹ́fà. Ó tóbi tó èpà, ó le bí òkúta, dúdú. Ó hù. Ewé rẹ̀ dìde kúrò lórí omi, ó nà sókè bí agbòjò, omi kì í lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì ní ojú tó là. Òdòdó ilẹ̀ Éṣíà ni, ẹbí ọ̀tọ̀ ni, orúkọ lásán ló pa wọ́n pọ̀. Mo yọ ọ́ dànù pátápátá, mi ò sì jẹ́ kí kóró rẹ̀ kankan dé gọ́tà, torí mi ò fẹ́ fọwọ́ ara mi mú àlejò mìíràn wọ ọ̀sà. Kóró òṣíbàtà tiwa kéré, kò tó yànmọ̀tí.

Ẹni tó gbà mí ni Ìyá Ẹlẹ́ja, oníbàárà mi láti Aguégué. Ó wá wọn aṣọ ẹbí, ó rí àwọn ike tí mo da ojú wọn délẹ̀, ó bèèrè, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ òun ní whédo mẹ́ta, àwọn kòtò gígùn tí wọ́n ń gbẹ́ sínú àbàtà kí ẹja lè kù sínú rẹ̀ nígbà tí omi Ouémé bá fà. Ó ní òṣíbàtà kún ibẹ̀, kí n wá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá ọkọ̀ àjẹ̀ wọn lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo retí láti rí ewé. Ẹrẹ̀ tó ti gbẹ tó ti là ni mo rí létí kòtò náà, mo sì rò pé tiwọn náà ti kú. Bàbá náà kò wí nǹkan kan. Ó fi ọkọ́ ṣí ẹrẹ̀ kan sókè bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, ó fọ́ ọ, ó yọ nǹkan dúdú kan jáde tó nírun lára, tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Ó fi èékánná rẹ̀ ha á. Inú rẹ̀ funfun, ó tutù. Ó ní, pẹ̀lú Yorùbá tí Ègùn dà pọ̀ mọ́, "Kò kú, Ìyá. Oorun ló ń sùn. Tí omi bá dé á jí."

Mo rántí táńkì àti àwọn ike mi, bí mo ṣe da ẹrẹ̀ inú wọn sórí ààtàn ní ẹ̀ẹ̀rùn láìtú u wò. Bóyá ọ̀kan nínú àwọn tó jó lójú mi ṣì ń sùn nínú ẹrẹ̀ yẹn, mi ò ní mọ̀ láéláé. Ẹ̀yin tí ewé yín bá pòórá nínú ọyẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ náà máa ní ọ̀rinrin, ẹ dúró de òjò.

Mo bẹ Bàbá pé kó fún mi ní iṣu mẹ́ta. Ó kọ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ fi ìyá sílẹ̀, ẹ wá mú ọmọ. Ẹ padà wá nígbà omi." Nítorí náà mo padà lọ ní oṣù kẹwàá, omi ti bo gbogbo ilẹ̀ náà, òdòdó funfun kún ojú rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Bàbá na ọwọ́ sísàlẹ̀ omi, ó sì fa èso kan sókè, ó tóbi tó ọsàn wẹ́wẹ́, ó ti ń rọ̀. Ó fún mi ní méjì. Mo gbé wọn wálé nínú ike omi, bí ẹni gbé ọmọ ìkókó.

Ohun tí mo ṣe lọ́dún kẹta nìyí. Mo jẹ́ kí èso náà là fúnra rẹ̀ nínú omi. Kóró rẹ̀ jáde pẹ̀lú nǹkan yíyọ̀ bí omi ilá, ó léfòó fún bí ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ó rì. Mi ò sá a rárá, inú omi ni mo pa á mọ́ sí. Mo mọ amọ̀ sínú bàsíà pẹlẹbẹ kan, mo wọ́n kóró náà sórí rẹ̀, mo fi iyanrìn fẹ́lẹ́ bò ó díẹ̀ kó má baà léfòó, mo bu omi lé e ní ìwọ̀n ìka méjì, mo gbé e sí oòrùn gbangba. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo rí nǹkan bí òwú tó dúró ṣánṣán nísàlẹ̀ omi. Òwú ni mo fi ń jẹun, mo mọ òwú. Àmọ́ èyí ń gbé orí sókè. Ewé tó tẹ̀lé e rí bí ẹnu ọfà, abẹ́ omi ló ṣì wà. Ewé kẹrin tàbí ìkarùn-ún ló kọ́kọ́ gun orí omi, kò tóbi ju owó ẹyọ lọ.

Nígbà tí wọ́n ti ní ewé mẹ́ta mẹ́ta lórí omi, mo gbé mẹ́rin nínú wọn sínú ike aláwọ̀ búlúù tí a là sí méjì. Amọ̀ jìn ní ìbú ọwọ́ kan nísàlẹ̀, iyanrìn ìka méjì lórí rẹ̀ kí omi má baà dàrú. Omi kò ju ìka mẹ́ta lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ewé bá ti ń gùn ni mo ń bu omi kún un. Ajílẹ̀ tí mo fún wọn, èyí tó ti jẹrà tó ti di erùpẹ̀ ni. Mo fi amọ̀ wé e rọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹni mọ àkàrà, mo sá a gbẹ, mo tì í wọ ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, ọ̀kan lóṣù kan. Omi kò dọ̀tí. Mo yí ọ̀pá tí omi òrùlé ń gbà jáde síbòmíràn, torí òṣíbàtà kò fẹ́ omi tó ń já lù ú lórí. Kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ bo ewé rẹ̀ nígbà kan. Mo fi okùn àti òkúta tẹ ewé náà sábẹ́ omi mọ́jú, ẹja sì jẹ wọ́n. Ewé tó bá pọ́n, mo fi àlùmọ́gàjí mi gé e láti ìdí.

Ìgbà yìí ni mo wá mọ bó ṣe ń lékè. Òjò ńlá kan rọ̀ lóru, omi inú ike ga ní ìbú ọwọ́ kan. Lówùúrọ̀, gbogbo ewé ti rì, mo sì sáré lọ mú ife láti gbọ́n ọn. Mo rántí Bàbá, mo dúró. Lọ́jọ́ kejì, ewé kan ti dé nǹkan bí ìka kan sí ojú omi. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́ta ti tẹ́ padà. Mo wọn igi wọn pẹ̀lú téèpù mi: igi ewé náà ló gùn sí i. Mo gé èyí tó ti pọ́n kan wò lágbede méjì, ihò wà nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ bá iṣu nínú ẹrẹ̀ tí kò ní èémí. Kò dá omi dúró. Ó mú ẹsẹ̀ gùn tẹ̀lé omi. Àmọ́ àwọn kéékèèké tí kò tíì ní agbára nínú iṣu kò lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé omi ìka mẹ́ta.

Oṣù keje lẹ́yìn tí mo gbìn ín, orí òdòdó kan yọ, ṣóńṣó bí ìmú abẹ́rẹ́ tó wú. Ọ̀sán méjì ni mo fi jókòó tì í, kò ṣí. Mi ò mọ̀ pé alẹ́ ló ń ṣí. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ṣe ń pe àdúrà ìrọ̀lẹ́, mo gbé àtùpà kọjá láti lọ ti géètì, mo sì rí funfun kan tó ti là díẹ̀ níbẹ̀. Mo pa àtùpà náà. Òórùn rẹ̀ tutù, ó dùn díẹ̀. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yẹn. A ti ń kí ara wa láti ọdún mẹ́ta, a ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo lọ pè é. Ó gbé àpótí wá, ó jókòó, ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ó pẹ́. Ó wá ní, "Bí ẹ̀yìn ilé wa ṣe ń rùn lálẹ́ nìyí. Mo ti gbàgbé." Ó fọwọ́ nu ojú. Mi ò bi í léèrè nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ yẹn nípa ìwé tó tẹ̀ka sí.

Òdòdó kan máa ń ṣí fún bí òru mẹ́rin tẹ̀léra, á pa dé lójoojúmọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Lẹ́yìn náà igi rẹ̀ á ká, á sì fà á wọ abẹ́ omi. Èyí àkọ́kọ́, mo rò pé ó kú ni, mo gé e sọnù. Ẹ má gé e. Abẹ́ omi níbẹ̀ ló ti ń di èso. Mo máa ń fi àjákù aṣọ àwọ̀n, èyí tí mo fi ń rán ìbòrí ìyàwó, rán àpò kékeré, mo fi í wé èso náà kí kóró má baà fọ́n ká nígbà tó bá là.

Bàbá ti gba ọgbọ̀n ọmọ òṣíbàtà lọ́wọ́ mi fún whédo tuntun tó gbẹ́. Ìyá Ìbejì náà ní ike kan báyìí, ẹja ló kọ́kọ́ bèèrè. Lónìí tí mò ń kọ èyí, èso mẹ́ta ló wà lábẹ́ omi nínú ike búlúù tèmi. Mo ti so àpò mọ́ méjì. Ẹ̀kẹta, mo fi í sílẹ̀ fún ike náà.